Ìwé Owó Orí Màmá Rẹ

Abúlé Olszynka,
Lẹ́bàá Ostrołęka,
Poland.
Ọjọ́ kọkàndínlógún, Oṣù Kẹwàá.

Sabina, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí Iga ọmọ-ọmọ mi. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà ní Norway níbẹ̀? Mo gbàdúrà pé kí lẹ́tà yìí bá yín nínú ara líle, kó má sì bá yín níbi tí ẹ ti ń wúkọ́. Àwa níhìn-ín ń dúpẹ́. Orúnkún mi ọ̀tún ń ké bí ilẹ̀kùn àká, ti òsì sì ti ń kọ́ ìwà rẹ̀. Ṣùgbọ́n a ti wú ọ̀dùnkún tán. Olú pọ̀ nínú igbó lọ́dún yìí débi pé màmá rẹ so wọ́n mọ́ òwú yí gbogbo ilé ìdáná ká. Ẹni tó bá fẹ́ bu omi mu ní láti bẹ̀rẹ̀ kó tó lè kọjá lábẹ́ wọn.

Mo mọ̀ pé yóò yà ọ́ lẹ́nu pé èmi ni mo mú kálàmù. Bí mo bá ní kí n bá ọ sọ ọ́ lórí fóònù, màmá rẹ á ti dúró tì mí, bí mo bá sì ti la ẹnu báyìí, ó ti gba fóònù lọ́wọ́ mi. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an ni mo sì fẹ́ sọ. Ìyìn ni mo fẹ́ yìn ín, ìwọ náà sì mọ̀ ọ́n: bí mo bá yìn ín lójú rẹ̀, yóò ní kí ni mo fẹ́ gbà. Ó ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì fún àdúrà rósárì. Lẹ́yìn àdúrà, àwọn obìnrin á tún dúró níwájú ṣọ́ọ̀ṣì sọ ọ̀rọ̀ àwọn tí kò wá, nítorí náà mo ní àyè dáadáa. Má jẹ́ kí àyà rẹ já. Kò sẹ́ni tó kú. Màmá rẹ ló san owó orí.

Òun ló ní a kò gbọdọ̀ sọ fún ọ nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ń gbóná, kí o má baà fò wọ ọkọ̀ òfurufú. Ó dára, ó ti tutù báyìí, jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. O rántí pé ìwọ lo ya àwòrán àwọn bébà tó gé, nígbà tí o wá bá wa ṣe Kérésìmesì ọdún tó ṣáájú èṣí. O gbé wọn sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, o sì kọ́ ọ bí yóò ṣe máa fi fóònù dá àwọn ènìyàn lóhùn. Èmi ń jókòó lẹ́bàá ààrò, mo ń fi yín rẹ́rìn-ín. Mo ní ta ló máa fi owó gidi ra bébà tí wọ́n ti gé ihò sí lára? Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n ló ti ń ká bébà aláwọ̀ sí méjì, tí ó ń fi àlùmọ́gàjí ńlá tí bàbá mi fi ń rẹ́ irun àgùntàn gé e. Bó bá sì tú u, igi tó ní ẹyẹ méjì lórí ti jáde. Ara ògiri ilé ni wọ́n ń wà. N kò mọ̀ pé ẹni tó wà ní ìlú ńlá Kraków lè fẹ́ wọn.

Àṣé wọ́n fẹ́ wọn. Ìwọ ní kó kọ iye owó sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan, ó sì sọ fún ọ pé òun ti kọ ọ́. Ṣé o mọ ohun tó kọ? “Ẹ fi ohun tí ọkàn yín bá yọ̀ǹda ránṣẹ́.” Bí àlùfáà ṣe máa ń sọ fún wa lẹ́yìn ìrìbọmi àti ìsìnkú nìyẹn! Ó ní ojú ń ti òun láti dá iye lé ohun tí ìyá òun kọ́ òun lọ́fẹ̀ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni owó ṣe ń wọ báǹkì, kékeré, ńlá. Obìnrin kan ní Kraków fi owó tó lè ra àgbò ránṣẹ́ nítorí ìràwọ̀ bébà kan ṣoṣo. Ọkùnrin kan ní Germany fi złoty kan, tí kò lè ra búrẹ́dì kan, ránṣẹ́, ó sì tún ń bèèrè ìdí tó fi pẹ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó náà ni wọ́n á kọ ọ́ sí pé “Ọlọ́run á san án fún yín, màmá” tàbí “Fún ìlera yín.” Ó ń kà á sí mi létí bí ẹni ń ka ìwé mímọ́. Eyín àtọwọ́dá tí o rí lẹ́nu mi, tí o ní ó yẹ mí, bébà ló rà á.

Gbogbo rẹ̀ ń lọ déédéé títí di oṣù kejì ọdún yìí, tí Regina fi yọjú. O mọ Regina tí ọgbà rẹ̀ àti tiwa jọ pààlà, ẹni tó máa ń gbọ́ ohun tí a kò tíì sọ. Ó jókòó, ó jẹ kéèkì wa, ó wá ní àwọn tó ni íńtánẹ́ẹ̀tì ti kó orúkọ gbogbo ẹni tó ń tajà níbẹ̀ fún ọ́fíìsì owó orí. Ó ní nígbà tí kò ti sí iye owó kankan, báárà ni ìjọba máa pè é, báárà láìgbàṣẹ, wọ́n sì lè tìtorí ẹ̀ gba owó ìfẹ̀yìntì lọ́wọ́ ènìyàn. Ó ní wọ́n ti wọ́ katakata ẹnì kan lọ ní abúlé kan tí òun kò ní dárúkọ. Mo ní abúlé náà kò lórúkọ ni. Ṣùgbọ́n ojú màmá rẹ ti funfun bí ìyẹ̀fun.

Láti ọjọ́ náà ló ti gbé àlùmọ́gàjí padà sí àká, ó fi kọ́ èèkàn tí bàbá mi máa ń fi kọ́. Ó dojú fóònù bolẹ̀ lórí tábìlì. Bí àwọn ènìyàn bá kọ̀wé pé àwọn fẹ́ ìràwọ̀, kò dá wọn lóhùn. Sabina, o mọ bí mo ṣe máa ń ráhùn pé bébà wẹ́wẹ́ lẹ̀ mọ́ ìbọ̀sẹ̀ mi, pé mo gbé bébà pupa dé inú ṣọ́ọ̀ṣì. Ní ìgbà òtútù yẹn, ilẹ̀ wa mọ́ tónítóní, n kò sì fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Ó ń gbálẹ̀ tí kò dọ̀tí. Mo rí i pé bí ọ̀rọ̀ náà bá lọ bẹ́ẹ̀, kò ní gé bébà mọ́ láyé rẹ̀. Ó dùn mí ju bí mo ti rò lọ, n kò sì mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún un.

Lẹ́yìn Àjíǹde, ó gbé fóònù náà wá bá mi níbi tí mo ti ń tún ọgbà ṣe. Obìnrin Kraków yẹn ló tún kọ̀wé. Màmá rẹ ní, “Bàbá Sabina, ó ń bèèrè bóyá mo ṣì wà láyé. Kí ni kí n sọ fún un?” Mo ní kó sọ pé ó wà láyé. Ó wo ọ̀nà àká. Ó wá ní òun ń lọ sí Ostrołęka, sí ọ́fíìsì owó orí, kí oṣù kẹrin tó parí, òun á sọ gbogbo iye tó wọlé fún wọn.

Mo ju òòlù sílẹ̀. Mo bi í pé ta ní í gbé adìẹ lọ kí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ nílé? Àgbẹ̀ ni wá. Bàbá mi, bàbá bàbá mi, owó ilẹ̀ là ń san, a kì í kọ ìwé owó orí kankan. Owó ìfẹ̀yìntì wa pàápàá, ìjọba ló ń bá wa ṣírò rẹ̀, tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sílé. Kò sí Bałdyga kan nínú ìdílé wa tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ ibẹ̀ rí. Ó gbọ́ mi tán. Ó ní bó bá jẹ́ pé òun jí i ni, òun á sápamọ́. Òun kò jí i. Ni mo bá lọ wọ bàtà, nítorí n kò lè jẹ́ kó dá lọ.

Aṣọ ọjọ́ ìsinmi ló wọ̀. Èmi di apẹ̀rẹ̀ ẹyin kan àti sọ́sééjì tí a fi èéfín yan, èyí tó dára jù nínú àká. Má fi mí rẹ́rìn-ín. Láyé ìjọba àtijọ́, ta ló ń wọ ọ́fíìsì lọ́wọ́ òfo? Ọmọbìnrin kan báyìí ni wọ́n ní ká lọ bá, Milena lorúkọ rẹ̀, kò lè ju ìwọ lọ. Mo rọra ti apẹ̀rẹ̀ sábẹ́ tábìlì rẹ̀. Ó wo ẹyin, ó wò mí, ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e kúrò ńbẹ̀ kí wọ́n má lé mi níṣẹ́.” Ojú tì mí, ṣùgbọ́n òórùn sọ́sééjì yẹn ti gba gbogbo yàrá. Àwọn tó tò sẹ́yìn wa ń wò mí bí ẹni tó gbé ewúrẹ́ wọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Milena yẹ ìwé báǹkì wò títí. Ó ní òun kò rí irú èyí rí. Ó rọra bi màmá rẹ bóyá ẹ̀bùn ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń fún un, nítorí ibi tí à ń kọ ẹ̀bùn sí yàtọ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ báárà tí Regina sọ náà nìyí. Àfi bí màmá rẹ ṣe na ẹ̀yìn rẹ̀ tọ́ lórí àga. Ó mú ìràwọ̀ kan jáde nínú àpò, ó tú u sórí tábìlì. Ó ní, “Ọmọ mi, n kì í ṣe alágbe. Ohun tí mo gé nìyí, òun ni wọ́n sanwó rẹ̀.” Ọmọ náà fi ìka kan tọ́ ẹnu ẹyẹ orí ìràwọ̀ náà, ó ní, ó tán, iṣẹ́ ni, ibi tí à ń kọ iṣẹ́ sí ni òun máa kọ ọ́ sí. Ó tún yọ owó bébà àti owó ìfìwéránṣẹ́ kúrò, ohun tí n kò mọ̀ pé wọ́n ń yọ.

Ìgbà náà ló wá ṣírò rẹ̀. Owó ìfẹ̀yìntì màmá rẹ nìkan kò tó ohun tí wọ́n ń gbowó orí lé, ṣùgbọ́n nígbà tí ti bébà gun orí rẹ̀, ó fi díẹ̀ kọjá àlà. Ó lé ní irinwó złoty tí yóò san. Kí n tó kígbe, Milena bi í pé, “Màmá, ṣé ẹ lọ́kọ?” Màmá rẹ ní ọkọ òun nìyí, tó gbé ẹyin lọ́wọ́. Milena rẹ́rìn-ín, ó ní ìròyìn ayọ̀ wà. Bí tọkọtaya bá jọ kọ ìwé kan ṣoṣo, wọ́n á pa owó àwọn méjèèjì pọ̀, wọ́n á pín in dọ́gba, kò sì sí ẹni tí yóò san ohunkóhun. Mo ti ń wá kálàmù láti fọwọ́ sí i.

Màmá rẹ bèèrè ohun kan. Ó ní apá tí èèyàn lè ní kí wọ́n yọ nínú owó orí rẹ̀ fún ẹgbẹ́ tó bá wù ú ńkọ́, èyí tí wọ́n lẹ ìkéde rẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn àwọn panápaná wa? Milena ní bí kò bá sí owó orí, kò sí ohun tí wọ́n máa yọ. Ó tún ní bí màmá bá dá san án, ohun tó máa kan àwọn panápaná náà kò ju złoty méje lọ. Màmá rẹ ní, “Èmi nìkan ni kí o kọ.” Sabina, n kò lè mú un mọ́ra. Mo ní ṣé orí rẹ̀ pé? Kéèyàn san irinwó kó lè fi méje tọrẹ! Mo ní ká kúkú gbé złoty méje lọ fún wọn nílé, ká sì jẹ ìyókù.

Ó yíjú sí mi. Kò pariwo. Ó ní, “Walenty, ìwé ilẹ̀, orúkọ rẹ ló wà ńbẹ̀. Ìwé tí a fi ń ta wàrà màlúù wa, orúkọ rẹ. Ọjọ́ tí mo lọ gba ìwé ìdánimọ̀, akọ̀wé ní níbo ni mo ti ń ṣiṣẹ́, kò dúró gbọ́, ó ti kọ ọ́ pé ‘Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀.’ Ọwọ́ ta ló fún wàrà yẹn? Èyí tí mo dá gé, jẹ́ kí n dá san án.” O mọ̀ pé bí màmá rẹ bá ti fi Bàbá Sabina sílẹ̀ tó pe orúkọ mi, ọ̀rọ̀ ti parí. Mo wo ọwọ́ rẹ̀ lórí tábìlì náà, ibi tí àlùmọ́gàjí ti jẹ àtàǹpàkò rẹ̀ títí tó fi le bí pátákò. Ọwọ́ tí mo ti ń rí lójoojúmọ́ ni. Mo ní kí Milena kọ ọ́ bó ṣe wí.

Ó kọ ọ́, ó fi ránṣẹ́ láti inú kọ̀ǹpútà, bébà kan sì jáde tó sọ pé ìjọba ti gbà á. Orúkọ kan ṣoṣo ló wà lórí rẹ̀: Leokadia Bałdyga. Màmá rẹ ká a sínú ìwé àdúrà rẹ̀. A lọ jókòó sí ìdúró bọ́ọ̀sì, a jẹ sọ́sééjì yẹn tán, àwa méjèèjì, láìní búrẹ́dì. N kò tíì jẹ sọ́sééjì tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo ṣe é.

Kí a tó délé, abúlé ti gbọ́. N kò mọ ẹni tó ń gbé ọ̀rọ̀ fún wọn. Nígbà tí mo dé ilé ìtajà, Regina wà ńbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀. Ó ní òun gbọ́ pé ìyàwó Walenty ti lówó débi pé ó ń wá ìjọba kiri kó lè fún un. Wọ́n rẹ́rìn-ín. O mọ̀ mí, ọmọ mi; tẹ́lẹ̀, èmi náà ì bá bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Òótọ́ ni, ó san án. Regina, kí ni wọ́n lè rí gbowó orí lé lọ́wọ́ tìrẹ?” Mo gba búrẹ́dì mi, mo jáde. Inú mi ń dùn bíi ti ọmọdé. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Màmá rẹ ti dákẹ́ tó.

Ní ọjọ́ kejì, àlùmọ́gàjí kúrò lórí èèkàn. Ó dá obìnrin Kraków lóhùn pé òun wà láyé dáadáa. Lẹ́yìn náà ló pa ọ̀rọ̀ àlùfáà yẹn rẹ́, ó sì kọ iye owó sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan, iye tó ní orí àti ìdí. Ó ní nígbà tí Milena bi òun pé èló ni òun ń ta ìràwọ̀ kan, tí òun kò mọ̀ ọ́n, ojú tó ti òun níbẹ̀ ju ojú tó ń ti òun tẹ́lẹ̀ lọ. Mo rò pé àwọn ènìyàn máa sá. Wọn kò sá. Ará Germany olówó złoty kan yẹn nìkan ni a kò gbúròó mọ́. Bébà pupa sì ti tún lẹ̀ mọ́ ìbọ̀sẹ̀ mi, mo sì ń ráhùn bó ti yẹ.

Ohun tó jẹ́ kí n mú kálàmù gan-an wá ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá. O mọ Zenon, olórí àwọn panápaná wa, òun ló darí omi sí àká wa lọ́dún tí àrá sán, tí a kò fi pàdánù ju òrùlé lọ. Mo rí i tó ń bọ̀ lójú títì pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́, bọ́tìnnì rẹ̀ ń dán. Mo rò pé iná ti sọ níbì kan. Ó dúró ní ẹnu ọ̀nà ọgbà, ó ṣí fìlà. Ó mú bébà kan lọ́wọ́, orúkọ àwọn tó fi apá owó orí wọn ta ẹgbẹ́ lọ́rẹ. Gbogbo wa ní Olszynka, àgbẹ̀ tí kì í san án ni, nítorí náà, láti ìgbà tí wọ́n ti ń gba bébà yẹn, kò sí orúkọ ará abúlé wa kan níbẹ̀ rí. Lọ́dún yìí, orúkọ kan wà.

Sabina, láti ìgbà tí mo ti kọ́ ilé yìí, èmi ni gbogbo ẹni tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà ọgbà yẹn ń bèèrè. Ẹni tó fẹ́ ra màlúù, ẹni tó wá wo mítà iná, àlùfáà, àwọn tó ń wá ìbò, “Ṣé Walenty wà nílé?” ni. Bí n kò bá sí nílé, wọ́n á yí padà, màmá rẹ á dúró lójú ilẹ̀kùn. Zenon sì mọ̀ mí dáadáa, mo ti nà án nígbà tó wà lọ́mọdé nítorí èso ápù tó jí. Ó kí mi, ó ń wo bébà ọwọ́ rẹ̀ kó má baà ṣì í pè, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, Leokadia Bałdyga ni mo wá kí.”

Mo ṣí ọgbà fún un. Mo ní, “Ẹ máa wọlé. Èmi ni ọkọ Leokadia.”

Ohun tí mo fẹ́ kí o mọ̀ nìyẹn. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ já sí asán. Kí ibikíbi tí wọ́n bá ti ń pe orúkọ, kí wọ́n máa pe tìrẹ sí rere. Kí Iga dàgbà lójú yín, kó ní ọwọ́ ìyá ìyá rẹ̀ àti eyín tó dára ju tèmi lọ. Kí ọ̀nà tó gbé yín lọ gbé yín wá bá wa ní Kérésìmesì, kí yìnyín má dí i. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Walenty, ọkọ Leokadia.

Àfikún: Ó ti dé, ó sì ti ká mi mọ́ ìdí lẹ́tà. Ó kà á láti òkè délẹ̀ láìbọ́ aṣọ òtútù. Ó ní mo ti sọ àsọdùn nípa ojú rẹ̀ tó funfun, àti pé kì í ṣe złoty méje ló kan àwọn panápaná. Złoty méje àti ogún grosz ni, kí n má jẹ ogún grosz òun. Ó tún ní kí n sọ fún ọ pé Zenon ti ní kó gé àwòrán ẹni mímọ́ Florian, alábòójútó àwọn panápaná, fún ògiri ilé panápaná, fún ọgọ́rùn-ún ọdún wọn. Zenon bi í pé èló ni. Màmá rẹ wo ojú rẹ̀, ó sì sọ iye rẹ̀ láìfi ọwọ́ bo ẹnu.